Àlejò ọdún ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ajá tuntun sì wà nílé: báwo ni kí a ṣe é?

Ìyá Tóbi, Igbógbó
Ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá

Mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé mi tí mo fẹ́ kí àwọn tó ti la irú rẹ̀ kọjá bá mi gbé yẹ̀ wò kí ọdún tó wọlé dé.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọkọ mi mú ọmọ ajá kan wálé. Àwọn olè ti fo ògiri ilé tó tẹ̀ lé tiwa ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta, ìdí nìyẹn tó fi sọ pé ilé wa kò lè wà láìsí ajá mọ́. Àdàlù Alsatian àti ajá ìbílẹ̀ ni, akọ ni, ẹni tó tà á fún wa sì sọ pé ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ́jọ́ tí a gbà á. Ó fún wa ní káàdì kékeré kan tí wọ́n kọ abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sí. Tóbi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fẹ́ kí a máa pè é ní Bingo, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi sọ pé láyé tiwọn, orúkọ tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ ni àwọn àgbà máa ń sọ ajá, kí ẹni tó ń kọjá lọ lè gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn onílé. Màmá ló sọ ọ́ ní Sùúrù, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ náà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin yóò dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ wa ni wọn yóò sì wà títí di ọjọ́ 8 oṣù Kìíní. Ọdún méje rèé tí wọ́n ti wálé gbẹ̀yìn, ọmọ náà kò sì tíì fojú kan ilé bàbá rẹ̀ rí. Àbúrò bàbá tèmi, Alhaji, máa ń wá láti Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ kejì Kérésì lọ́dọọdún láti bá wa jẹun, ilé wa ló sì máa ń sùn. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn náà ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ajá ń bà á débi pé kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Yàrá mẹ́ta péré la ní, pálọ̀ wa kò sì tóbi.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn rò pé mo fi ajá ṣíwájú wọn. Mi ò sì fẹ́ kí ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta di ohun tí a ń tì sẹ́yìn ilé bí ẹrù tí kò níláárí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Dókítà Ẹran, Ìkòròdú
Ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá

Ìyá Tóbi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn ni iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ fi ohun kan ṣáájú ohun gbogbo tí àwọn yòókù yóò sọ. Bí Sùúrù bá pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nígbà tó dé, a jẹ́ pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjìlá báyìí, ọjọ́ orí yìí sì ni a ti ń gún ọmọ ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹ mú un lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ìdí tí mo fi ń kán yín lójú ni pé abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yẹn kì í dáàbò bo ajá lọ́jọ́ tí a bá gún un. Ọjọ́ 28 la máa ń kà kí a tó gbà pé ó ti múlẹ̀ nínú ara rẹ̀. Bí ẹ bá gún un ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ọjọ́ 30 ni yóò tó pé, àwọn àlejò yín yóò sì ti wà nílé fún ọjọ́ méjìlá kí ó tó di ìgbà náà.

Abẹ́rẹ́ kan tí ẹ rí lórí káàdì yẹn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èyí tó wà fún parvo àti àwọn àrùn mìíràn tó máa ń pa ọmọ ajá. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni a fi ń tún un gún títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ máa mú un rìn káàkiri àdúgbò níbi tí àwọn ajá mìíràn ti ń yàgbẹ́ sí. Ẹ fún un ní oògùn aràn pẹ̀lú, torí pé aràn inú ajá lè wọ ara ọmọdé tó ń fi ọwọ́ tó fi ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀ jẹun.

Ọmọ Àgbádárìgì
Ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá

Mo ka ọ̀rọ̀ Dókítà, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n mo rò pé a ń fẹ ọ̀rọ̀ yìí lójú ju bó ti yẹ lọ. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Àgbádárìgì, ìta ni ajá ń gbé. Ẹnu géètì ló máa ń sùn sí, ohun tí a bá jẹ kù ló máa ń jẹ, nígbà tí àlejò bá sì dé, bàbá mi á so ó mọ́ ìdí àgbọn lẹ́yìn ilé títí àlejò yóò fi lọ. Bí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín bá ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún méje, àwọn ni olórí ọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò gba ajá náà mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ìmọ̀tà tàbí ní Odógunyàn, kí ẹ gbà á padà nígbà tí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú. Èèyàn ni ìbátan, ajá kọ́.

Ìyá Adùn, Manchester
Ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá

Ọmọ Ìkòròdú ni mí, ọdún kọkànlá mi rèé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ sọ fún Ìyá Tóbi bí ajá ṣe rí lójú ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ní àkókò òtútù yìí, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kì í ju nǹkan bí wákàtí 8 lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, inú ilé sì ni èèyàn àti ajá jọ máa ń wà. Ajá tí ọmọ yẹn ń rí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ máa ń sùn lórí àga, wọ́n máa ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì máa ń wọ̀ ọ́ láṣọ bí wọ́n bá ń mú un jáde. Ọmọ náà yóò rò pé gbogbo ajá ayé ni a lè gbá mọ́ra. Èyí tó tún wúwo jù ni ti àwọn òbí rẹ̀. Láti ọdún 1922 ni dìgbòlugi ti kúrò lára àwọn ajá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà bí ajá bá ha ọmọ lára níhìn-ín, èèyàn á fi omi ṣan án, á sì gbàgbé rẹ̀. Èèyàn lè gbé ìgbàgbé yẹn wálé láìmọ̀, pàápàá ẹni tó ti pẹ́ lókè òkun. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó gbéra. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ajá wà nílé, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn nípa abẹ́rẹ́ tí a máa ń gún ṣáájú ìrìn-àjò, nítorí pé ó gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí ó tó parí.

Ohun kékeré kan tún kù. Ṣokoléètì ni gbogbo wa máa ń rù bọ̀ wálé lọ́dún, majele sì ni fún ajá. Bẹ́ẹ̀ náà ni èso àjàrà gbígbẹ tó máa ń wà nínú kéèkì Kérésì. Ẹ gbé àpótí ẹrù wọn síbi tó ga.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ẹ̀pẹ́
Ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa Alhaji, nítorí pé bóyá èmi àti wọn jọ ń kírun ní mọ́sálásí kan náà ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwa Mùsùlùmí fúnra wa, ló rò pé bí ajá bá ti fara kan èèyàn báyìí, àlùwàlá rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ojú òfin Máàlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn Mùsùlùmí, èyí tí a ń tẹ̀ lé ní ìhà tiwa yìí. Àwọn onímọ̀ Máàlíkì gbà pé ajá tó wà láàyè kì í ṣe ẹlẹ́gbin nínú ara rẹ̀. Ohun tí ó dúró lórí hádíìsì ni pé kí a fọ abọ́ tí ajá bá ti ẹnu bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀meje. Àwọn onímọ̀ Ṣáfíì, tó jẹ́ ọ̀nà òfin mìíràn, ló le ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ní kí a fi erùpẹ̀ kún ọ̀kan nínú fífọ méje náà. Ajá tí a ń sìn fún ọdẹ, fún oko tàbí fún ìṣọ́ ẹran kò sì ní èèwọ̀. Nínú Súrátùl Káfì, ẹsẹ 18, ajá àwọn ọ̀dọ́ tó sùn sínú ihò àpáta ni Kùránì sọ pé ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń ka ẹsẹ yẹn fún àwọn ọmọ-ọmọ mi bí mo bá rí i tí wọ́n ń sọ ajá lókùúta.

Síbẹ̀, ìmọ̀ òfin yàtọ̀ sí ìtura ọkàn. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún Alhaji tí ajá kò ní wọ̀ rárá láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹ sì tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀. Abọ́ àti kẹ́tùrù àlùwàlá wọn náà kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ níbi tí ajá lè ti ẹnu bọ̀ ọ́. Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sọ fún wọn pé ajá wà. Àgbàlagbà tí a bá ti sọ fún ṣáájú kò ní ní ìbínú lọ́kàn.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀
Ọjọ́ 2, oṣù Kejìlá

Èmi ni ẹ pè ní àbúrò yẹn tó wà ní Ìbàdàn, àyàfi pé ẹlòmíràn ló bí mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ajá kan lé mi láti ojú ọ̀nà ọjà títí dé ẹnu ọ̀nà wa ní Ìjẹ̀dẹ̀, ó sì fà mí láṣọ ya. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí báyìí, mo sì lè sọ àwọ̀ ajá náà fún yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn onílé mọ̀ ni pé gbólóhùn tó máa ń dùn wá jù ni "kò ní ṣe ẹ́ ní nǹkan kan". Gbogbo ẹni tó ní ajá ló máa ń sọ ọ́, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ nígbà tí ajá ti wà ní ìdí ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀rù tó ń bà wá kì í ṣe àìgbọ́n tí a fi ọ̀rọ̀ mú kúrò. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín mọ ibi tí ajá wà ní gbogbo ìgbà. Kí ó tó dé ẹnu géètì, kí ó pè yín, kí ẹ sì fi okùn mú ajá náà kí ó tó wọlé. Ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá wù ú ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, fúnra rẹ̀ ni yóò béèrè. Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má ṣe rẹ́rìn-ín sí i.

Dókítà Ẹran, Ìkòròdú
Ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ ṣeun gan-an fún ohun tí ẹ kọ yìí. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti sọ gbólóhùn yẹn fún àwọn èèyàn ju bó ti yẹ lọ.

Sí Ọmọ Àgbádárìgì: kò sí ohun tó burú nínú kí ajá máa gbé ní ìta, ṣùgbọ́n ọmọ ajá tí a so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, tí ó ń gbọ́ ohùn èèyàn tí kò mọ̀ tí kò sì lè sún mọ́ wọn tàbí sá fún wọn, ìbẹ̀rù ni yóò kọ́, ajá tí ẹ̀rù ń bà ló sì máa ń géni jẹ. Kíkó o lọ sílé ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní irú ọjọ́ orí yìí tún lè gbé e sáàárín àwọn ajá tí kò gba abẹ́rẹ́. Ohun tí mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú ni ibi tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí ó ní ìbòòji, tí ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ̀. Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sùn lórí sìmẹ́ńtì lásán ní òwúrọ̀, kí omi sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ yẹn ń gbẹ ọ̀fun ajá bí ó ṣe ń gbẹ tèèyàn.

Ẹ tún múra sílẹ̀ de bàǹgá tí àwọn ọmọ máa ń yìn lọ́dún. Etí ajá ń gbọ́ ìró tó ju ohun tí etí wa lè gbọ́ lọ dáadáa, ọmọ ajá tí kò tíì gbọ́ ọ rí á sì máa wá abẹ́ ohun kan láti sá sí. Bí ó bá ti wọ abẹ́ ohun kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á jáde.

Ìyá Tóbi, Igbógbó
Ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Wọ́n dé ní àná láyọ̀. Mo ti pe gbogbo wọn ṣáájú gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Alhaji dúpẹ́ pé mo sọ fún wọn, wọ́n sì ní kí n kàn rí i dájú pé ajá kò wọ yàrá àwọn. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò rí àyè gba abẹ́rẹ́ kankan mọ́ kí wọ́n tó gbéra.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan fún Dókítà. Mi ò mú Sùúrù lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ sọ. À ń kun ilé, à ń ra ìrẹsì, à ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, mo sì ń sọ lójoojúmọ́ pé ó di ọ̀la. Ọjọ́ 17 ni mo tó mú un lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ló ti ń pè é, ó sì ń pè é ní "Súru" bí ẹni tó ń kọrin. Màmá ti pa àlọ́ ọdẹ tó ní ajá mẹ́ta fún un ní alẹ́ àná, bàbá rẹ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Tóbi, Igbógbó
Ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, bí Dókítà bá wà níbí, kí wọ́n dá mi lóhùn kíá. Àwọn ọmọ àdúgbò yin bàǹgá lẹ́bàá ògiri wa ní nǹkan bí aago méje. Sùúrù sá wọ abẹ́ àga ní pálọ̀, ọmọ náà rá tẹ̀ lé e láti fà á jáde, eyín rẹ̀ sì ha á ní ọrùn ọwọ́. Awọ ara bó díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Mo wà nínú ilé ìdáná, ọkọ mi sì ti jáde lọ sin Alhaji sí ibùdókọ̀. Màmá fẹ́ fi epo pupa pa á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ pé kí wọ́n pa ajá náà lálẹ́ yìí, aládùúgbò kan sì ti wà ní ẹnu géètì tó fẹ́ bá wọn ṣe é.

Dókítà Ẹran, Ìkòròdú
Ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà

Ẹ má fi epo tàbí ohunkóhun sí i. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi aago wò ó, kódà bí ọmọ bá ń ké. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní alẹ́ yìí fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti èèyàn. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni Sùúrù gba tirẹ̀, a kò sì lè gbọ́kàn lé e.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ajá náà. Mo mọ̀ pé bàbá ọmọ ń gbọ̀n fún ìbínú, ṣùgbọ́n ajá tó wà láàyè ni yóò fi òtítọ́ hàn wá. Bí ajá bá ní dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lónìí, àìsàn yóò hàn lára rẹ̀ tàbí kí ó kú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ó bá ń jẹ tó ń mu di ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, a jẹ́ pé kò kó o ran ọmọ. Bí ẹ bá pa á, a ti pàdánù ẹ̀rí yẹn. Ẹ tì í mọ́ ibi tí ẹ ti lè máa rí i. Ẹ ka èyí sí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín létí bí mo ṣe kọ ọ́.

Ìyá Tóbi, Igbógbó
Ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá

A fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ìyá ọmọ náà ló mú un dání, tó ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí a dé kò ní abẹ́rẹ́ náà, ìkejì sọ pé kí a padà wá ní òwúrọ̀, a sì gbà á ní agogo mẹ́sàn-án ọjọ́ 28. Ó gba ìkejì lónìí, ìkẹta di ọjọ́ 4. Dókítà tó gún un sọ pé láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ gún irú rẹ̀ nílẹ̀ Faransé fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá bù jẹ ni ọ̀nà yìí ti ń gba ẹ̀mí là, àti pé bí a bá dúró kí àmì àìsàn hàn lára èèyàn, oògùn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ràn án mọ́.

Inú ilé kò dùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ méjì, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Abẹ́rẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì àpò ìrẹsì ni mo sún síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nítorí ọ̀dà ògiri, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn níwájú Màmá. Ẹni tó yà mí lẹ́nu ni àbúrò mi tó wá láti Ìbàdàn. Láti ọjọ́ 23 tó ti dé, kò sún mọ́ Sùúrù. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 27 tí gbogbo wa wà ní ilé ìwòsàn, òun nìkan ló dúró ti Màmá nílé, òun ló sì dúró sí ẹnu ọ̀nà tí ó sọ fún aládùúgbò yẹn pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ajá náà títí àwọn onílé yóò fi dé. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ ohun tí Sùúrù jẹ àti bí ó ṣe mu omi sínú ìwé, ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, láti ojú fèrèsé.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀
Ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá

Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé ẹnì kan ní Ìjẹ̀dẹ̀ mọ ohun tó ná an láti dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ìyá Tóbi, Igbógbó
Ọjọ́ 9, oṣù Kìíní

Ọjọ́ mẹ́wàá pé ní ọjọ́ 6. Ara Sùúrù dá ṣáṣá, Dókítà Ẹran fúnra wọn wá wò ó nílé, wọ́n sì kọ ìwé fún wa. Dókítà ọmọ ka ìwé náà, wọ́n ní kí a dá abẹ́rẹ́ ìkẹrin dúró. Àwọn àlejò wa gbéra ní àná.

Ní ọjọ́ 3, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jí ní kùtùkùtù inú ọyẹ́, wọ́n lọ ra pákó àti wáyà ní Sábó, àwọn àti Tóbi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọgbà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Wọn kò sọ ohunkóhun fún mi. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ ní ọjọ́ 5, wọ́n pe ọmọbìnrin wọn, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi hàn án pé ilé Sùúrù nìyí, pé bí Sùúrù bá ti wọlé rẹ̀, ìta ni kí òun dúró sí kí òun máa kí i. Kí wọ́n tó lọ, ó kí i láti ìta.

Ọmọ Àgbádárìgì
Ọjọ́ 10, oṣù Kìíní

Mo ti ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọmọ náà. Ajá kan wà lọ́dọ̀ mi níhìn-ín tí mo so mọ́ ìdí igi gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti máa ń ṣe. Ó ti pé ọdún méjì, kò sì gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Ìyá Tóbi, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ọgbà tí ẹ̀gbọ́n yín kàn yẹn ṣe tóbi tó? Ṣé pákó ni òrùlé rẹ̀ ni àbí páànù?

Ìyá Tóbi, Igbógbó
Ọjọ́ 10, oṣù Kìíní

Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ 5, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Páànù ni òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí kí ó má baà gbóná lọ́sàn-án. Wọ́n gbé ilẹ̀ pákó rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin nítorí òjò. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí sí ìta, kí ìdè rẹ̀ sì wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.

Dókítà Ẹran, Ìkòròdú
Ọjọ́ 10, oṣù Kìíní

Ọmọ Àgbádárìgì, abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, kí ẹ tó ra pákó. Ajá tó ti pé ọdún méjì ṣì lè bẹ̀rẹ̀ lónìí.